Ọlidé Gígùn Ń Bọ̀: Níbo Ni Kí Ọmọ Wa Lọ?

Ẹ̀yin ará wa ní Àkúrẹ́ Olóyèmẹkùn, ẹ̀yin ọmọ Ẹ̀kìmọ̀gún ní Oǹdó, ẹ̀yin ará oko àti ará abúlé tí ẹ ń rán ọmọ wá sí ilé-ìwé ní ìlú méjèèjì yìí, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹni tó jẹ gómìnà àti ẹni tí kò jẹ ẹ́. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ yín ni, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á, ẹni tí kò bá mọ̀wé kí ẹ kà á sí i létí.

Bí oṣù July bá ti ń parí lọ lọ́dọọdún, ilé-ìwé a tì, wọn kì í sì í wọlé títí September yóò fi dé. Ó kéré tán, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni. Àwọn ará ìgboro ti sọ ọ́ di "sọ́mà". Sọ́mà kẹ̀! Òjò ń rọ̀ sí wa lórí, ẹrẹ̀ kún Arákalẹ̀ títí dé Ọjà Ọba, àwa ń pè é ní sọ́mà bí ẹni pé ìlú òyìnbó la wà. Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní ọlidé gígùn bí a ti ń pè é tẹ́lẹ̀, ká wá bi ara wa léèrè: kí ni ọmọ wa ń ṣe ní gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn?

Ọmọ olówó ní ibi tí ó ń lọ. Bàbá rẹ̀ yóò san owó sọ́mà lẹ́sìn ní ilé-ìwé aládàáni, wọn yóò kọ́ ọ ní kọ̀ǹpútà, wọn yóò kọ́ ọ ní odò wíwẹ̀ ní òtẹ́ẹ̀lì, wọn yóò fi bọ́ọ̀sì gbé e lọ gun Òkè Ìdànrè. A kò bínú sí i, kí Ọlọ́run bùsí i fún wọn. Ṣùgbọ́n ọmọ ìyá elépo ńkọ́? Ọmọ ọlọ́kadà, ọmọ tíṣà tí owó oṣù rẹ̀ ń tán kí oṣù tó dájì, ibo ni kí òun lọ? Ọmọkùnrin a jí, a mu ẹ̀kọ, a jáde. Ìyá rẹ̀ rò pé ilé ọ̀rẹ́ ló lọ. Ilé tẹ́tẹ́ ló wà, níbi tí àwọn tó jù ú lọ ti ń kọ nọ́ńbà, tí ojú gbogbo wọn wà lára tẹlifíṣọ̀n. Ọmọbìnrin a gbé omi píọ̀ wọ́tà lérí, ó di ojú ọ̀nà Ọba Adésídà, ó ń sá tẹ̀lé mọ́tò tó ń lọ kí ó tó gba owó rẹ̀. Àwọn mìíràn a lọ ṣeré létí odò Àlà lọ́jọ́ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, tí omi ń ru. Ìyá tó bí ọmọ mọ ohun tí à ń wí.

Àwọn tó ń wá ọmọ kiri fún ẹgbẹ́ òkùnkùn àti fún iṣẹ́ Yahoo kò ní ọlidé ní tiwọn o. Àsìkò yìí gan-an ni ọjà wọn ń tà.

Ẹ rántí June 2024. Àwọn òṣìṣẹ́ EFCC wọ ilé ijó alẹ́ kan ní Àkúrẹ́ lóru, wọ́n kó àwọn ọ̀dọ́ tó lé ní 100 lọ. Ariwo gba ìlú. Àwọn kan ní ó dára bẹ́ẹ̀, àwọn kan ní wọ́n kó aláìṣẹ̀ mọ́ ẹlẹ́ṣẹ̀. A kò ní dá ẹjọ́ yẹn níhìn-ín. Ohun tí àwa rí nínú rẹ̀ ni pé owó epo wà, ọkọ̀ wà, ìbọn wà, láti fi kó ọ̀dọ́ tó lé ní 100 lóru ọjọ́ kan. Èló wá ni ẹnikẹ́ni ń ná láti wá ibi tí wọn yóò wà lọ́sàn-án?

Bí ẹ bá bi àwọn tó wà nípò, wọn yóò ní iṣẹ́ òbí ni. Òótọ́ ni, iṣẹ́ òbí ni, kò sẹ́ni tó jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣí ìwé òfin wò. Òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 ní apá kan lẹ́yìn tí ó to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ sí. Ó ní káńsù ni kí ó máa mójú tó ọjà, ibùdókọ̀ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gbogbo gbòò. Ó ní káńsù ni kí ó máa fún àwọn ènìyàn ní láísẹ́nsì kẹ̀kẹ́, ọmọlanke àti ọkọ̀ ojú omi. Lẹ́yìn náà ó tún ní káńsù ni kí ó máa ṣe ọgbà ìgbafẹ́ àti ibi gbangba tí ará ìlú lè máa lò, kí ó sì máa tọ́jú wọn. Ó ní kí ó bá ìjọba ìpínlẹ̀ lọ́wọ́ nínú ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ẹ̀kọ́ àgbà àti ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́. Ẹ̀yin ará, ìwé kan náà ni o. Ibi tó ní kí wọ́n gba owó ọjà àti owó ọmọlanke, wọ́n kà á dáadáa, wọ́n há a sórí. Nígbà tí wọ́n dé ibi ọgbà ìgbafẹ́, iná lọ.

Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé náà wà, èyí tí Ìjọba Àpapọ̀ ṣe ní 2003, tí Ìpínlẹ̀ Oǹdó sì gbà wọlé ní 2007. Ó sọ ọ́ gbangba pé ọmọdé ní ẹ̀tọ́ láti sinmi àti láti ṣeré. Òfin yìí kan náà kò fẹ́ kí ọmọ máa kiri ọjà ní títì ńlá, ibi tí a sì sábà máa ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ nìyẹn: nígbà tí wọ́n bá ń lé ọmọ oníkirì. Bí ẹ bá lé ọmọ kúrò ní títì tí ẹ kò ṣí ibòmíràn fún un, títì mìíràn ni yóò gbà lọ.

Wọn kò tún lè sọ pé alátakò ni kò jẹ́ káwọn ríṣẹ́ ṣe. Ní January 18, 2025, nígbà tí wọ́n dìbò ìjọba ìbílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ wa, ẹgbẹ́ APC ni wọ́n kéde pé ó gba ipò alága ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ méjèèjìdínlógún. Gómìnà, tiwọn ni. Ààrẹ, tiwọn ni. Ní ti owó ńkọ́? Ní July 11, 2024, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dá a pé owó ìjọba ìbílẹ̀ kò gbọdọ̀ gba ọwọ́ gómìnà kọjá mọ́, pé kí ó máa lọ tààrà sọ́dọ̀ káńsù. Ẹjọ́ náà wà nílẹ̀. Ẹ bi alága yín bí owó náà ṣe ń wọlé, kó dá yín lóhùn lójú gbogbo ayé.

Àwọn kan á ní eré lásán ni pápá ìṣeré. Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa. Ní 2012, Sunshine Stars, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Àkúrẹ́, bá àwọn ẹgbẹ́ ńlá Áfíríkà figagbága títí ó fi wọ sẹmi-fáínà ìdíje Champions League ilẹ̀ Áfíríkà. Àwọn Al Ahly láti ilẹ̀ Íjíbítì ni wọ́n jọ pàdé. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́ parí sí góòlù mẹ́ta sí mẹ́ta. Ó dùn, àbí kò dùn? Ṣùgbọ́n ibo ni wọ́n ti gbá bọ́ọ̀lù náà? Kì í ṣe Àkúrẹ́ o. Ìjẹ̀bú-Òde ni! Bọ́ọ̀lù tó tóbi jù tí ẹgbẹ́ ìlú wa gbá láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá a sílẹ̀, ìpínlẹ̀ ẹlòmíràn la ti gbàlejò. Ọmọ Àkúrẹ́ tí kò lówó ọkọ̀ ní láti lọ rọ̀ mọ́ fèrèsé ilé ẹni tó ní tẹlifíṣọ̀n. A kò ka èyí láti fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tí à ń sọ ni pé ìlú tí pápá ńlá rẹ̀ kò gba ẹgbẹ́ ńlá, ẹ wo bí pápá kékeré àwọn àdúgbò yóò ti rí. Ẹ rìn yí àdúgbò yín ká kí ẹ wo ilẹ̀ ilé-ìwé. Ibi tí àwa ti ń gbá bọ́ọ̀lù ní kékeré, ṣọ́ọ̀bù ti yí ọ̀pọ̀ nínú wọn ká. Èyí tó ṣẹ́kù, bí ilé-ìwé bá ti tì, wọ́n á fi ẹ̀wọ̀n dè é ní gééti, koríko á kún un títí September.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí ó ṣẹlẹ̀ nìyẹn, kò sì ná ẹnikẹ́ni ní owó rẹpẹtẹ: kí wọ́n ṣí gééti. Kí káńsù yan ilé-ìwé kan ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan, ní Gúúsù Àkúrẹ́ àti ní Ìwọ̀-Oòrùn Oǹdó, kí wọ́n gé koríko, kí wọ́n fi ọlọ́dẹ méjì síbẹ̀, kí ó máa wà ní ṣíṣí láti aago mẹ́jọ àárọ̀ sí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Àwọn agùnbánirọ̀ tí ìjọba ń rán wá láti 1973 ń bẹ láàárín wa. Ọ̀pọ̀ wọn, iṣẹ́ tíṣà ni wọ́n fi wọ́n sí. Bí ilé-ìwé bá tì, iṣẹ́ tì mọ́ wọn lọ́wọ́. Wọ́n ní ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ tí òfin wọn ní kí wọ́n fi sin ìlú. Ẹni tó mọ bọ́ọ̀lù wà nínú wọn, ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà wà, ẹni tó mọ ìṣirò dunjú wà. Ẹ bẹ̀ wọ́n, wọn yóò ṣe é. Kí ìyàgbẹ́ àti omi wà níbẹ̀, kí obìnrin àgbà tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sì wà níbẹ̀, nítorí kò sí ìyá tó gbọ́n tí yóò jẹ́ kí ọmọbìnrin rẹ̀ lọ jókòó ní ibi tí kò sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti alágbàtọ́. Ìdí tí ọ̀pọ̀ ètò ọ̀dọ́ fi máa ń di ètò ọkùnrin nìkan nìyẹn, tí àwọn tó ṣe é a sì máa sọ pé àwọn obìnrin ni kò fẹ́.

Iṣẹ́ ọwọ́ wá ni ká sọ ná, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Gbogbo yín mọ bí a ti ń kọ́ṣẹ́ láyé òde òní. Ọmọ jáde ìwé mẹ́wàá, kò rí owó yunifásítì, bàbá rẹ̀ mú un lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Wọ́n kọ ìwé àdéhùn, wọ́n ra ọtí, wọ́n san owó. Ọdún mẹ́ta. Kí ó tó pé oṣù mẹ́fà, ọmọ ti mọ̀ pé òun kò fẹ́ràn epo dúdú lára, wẹ́dà ni ọkàn òun ń fẹ́, tàbí ríwáyà. Kí ni yóò ṣe? Bí ó bá kúrò, owó ti lọ, orúkọ bàbá bàjẹ́. Bí kò bá kúrò, yóò jókòó ti iṣẹ́ tí kò fẹ́ títí ọjọ́ fíríìdọ̀mù, lẹ́yìn fíríìdọ̀mù ó di ọlọ́kadà. Mélòó nínú àwọn tó ń gbé yín lórí ọ̀kadà ní Yàbá ní Oǹdó àti ní Òkè-Ìjẹ̀bú ní Àkúrẹ́ ni kò níṣẹ́ ọwọ́? Ẹ bi wọ́n. Wọ́n ní in. Wọn kò fẹ́ràn rẹ̀ ni, tàbí wọn kò rí owó ra irinṣẹ́.

Bí ọmọ ọdún 14 bá lo ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lọ́dọ̀ télọ̀ lọ́dún yìí, tí ó lo mẹ́rin lọ́dọ̀ ríwáyà lọ́dún tó ń bọ̀, tí ó lo mẹ́rin lọ́dọ̀ káfíńtà lọ́dún kẹta, kí ó tó jáde ìwé mẹ́wàá yóò ti mọ ibi tí ọwọ́ rẹ̀ gbà. Kì í ṣe pé yóò ti gbọ́ṣẹ́ o. Yóò fojú rí i, yóò fọwọ́ kàn án, yóò mọ ohun tí ó ń jẹ́ téèpù àti sípánà. Kí káńsù bá àwọn ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ sọ̀rọ̀, wọ́n ní alága, wọ́n ní akọ̀wé, wọ́n ń ṣèpàdé, kò le láti rí wọn. Kí ọ̀gá kọ̀ọ̀kan gba ọmọ márùn-ún, láti aago mẹ́sàn-án sí aago kan ọ̀sán. Kí káńsù fún ọ̀gá ní owó díẹ̀ fún ìyọnu rẹ̀, kí ó ra ohun tí àwọn ọmọ yóò fi kọ́ṣẹ́, kí ó sì kọ orúkọ ọmọ àti orúkọ ọ̀gá sínú ìwé kí òbí lè mọ ẹni tí yóò mú. Ọmọbìnrin tó bá fẹ́ kọ́ ríwáyà, ẹ jẹ́ kó kọ́ ọ. Ta ló ní iṣẹ́ ìrun dídì nìkan ni Ọlọ́run dá fún un?

Èyí kì í ṣe ohun tuntun. Ìjọba Àpapọ̀ dá NDE sílẹ̀ ní 1986 nígbà tí iṣẹ́ wọ́n, ọ̀kan lára ohun tí wọ́n sì kọ́kọ́ ṣe ni láti fi ọ̀dọ́ sọ́dọ̀ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́. Kó tó dìgbà náà, ní 1982, wọ́n ti mú ètò ẹ̀kọ́ 6-3-3-4 wọlé, tó ní kí gbogbo ọmọ fọwọ́ kan irinṣẹ́ ní ilé-ìwé. Wọ́n kó ẹ̀rọ wá láti òkè òkun. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé jákèjádò Nàìjíríà, inú àpótí ni ẹ̀rọ náà jókòó sí títí ó fi dógùn-ún, nítorí kò síná, kò sí olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n lò. Owó tó lọ síbẹ̀ kò kéré. Télọ̀ tó wà ní ìsọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé yín ní ẹ̀rọ, ó ní jẹnẹrétọ̀, ó mọ̀ ọ́n lò. Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kò bi í?

Àwọn ọmọ kan wà tí ẹ̀bùn wọn kì í ṣe ti ìsọ̀. King Sunny Adé, gbogbo ayé mọ̀ ọ́n. Ọmọ Oǹdó ni, ìyá rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ ìdílé Adésídà ní Àkúrẹ́, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má bá ẹnikẹ́ni jà á. Ní 1963, ó fi ilé-ìwé girama sílẹ̀ ní Oǹdó, ó gba Èkó lọ, ó ní yunifásítì ni òun ń lọ. Irọ́ ni. Ẹgbẹ́ orin Moses Ọláìyá ló lọ bá, Baba Sálà tí ẹ mọ̀, tí ó jẹ́ olórin kí ó tó di aláwàdà. Ọ̀rọ̀ náà yọrí sí rere, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n mélòó ni ọmọ Oǹdó àti ọmọ Àkúrẹ́ tó ti purọ́ bẹ́ẹ̀ jáde nílé, tó dé Èkó, tí a kò gbúròó rẹ̀ mọ́? Ibi tí ọmọ lè ti lu ìlù, ta gìtá, ṣe eré orí ìtàgé lójú àgbà tó mọ̀ ọ́n, ó yẹ kí ó wà nílé. Gbọ̀ngàn wà ní Àkúrẹ́, wọ́n kọ́ Dome síbẹ̀. Civic Centre wà ní Oǹdó. Ìgbéyàwó àti òkú àgbà nìkan ni a ń rí lò wọ́n fún. Bí wọ́n bá fi àárọ̀ ọjọ́ Túsìdeè àti Tọ́sìdeè sílẹ̀ fún àwọn ọmọ nínú oṣù August, ìgbéyàwó kankan kò ní bàjẹ́.

Ẹ tún gbọ́ ti Túndé Onakoya. Ìkòròdú ló dàgbà sí, ilé àwọn tálákà. Ní ṣọ́ọ̀bù onígẹ̀run ló ti kọ́ ayò òyìnbó tí wọ́n ń pè ní chess. Nígbà tó dàgbà, ní 2018, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ ìsàlẹ̀ ìlú, títí dé Makoko níbi tí ilé ti dúró sórí omi. Ní April 2024 ó jókòó ní ìgboro New York, ó ta ayò náà fún ọgọ́ta wákàtí kí ayé lè gbọ́ ti àwọn ọmọ rẹ̀ kí wọ́n sì dáwó fún ẹ̀kọ́ wọn. Ọpọ́n àti ọmọ ayò ni irinṣẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù onígẹ̀run kò wọ́n ní Àkúrẹ́.

A kò gbọdọ̀ gbàgbé àwọn tó ń gbìyànjú. Àwọn ìjọ ń kó ọmọ jọ lọ́lidé, àwọn ilé-kéú kò tì, Boys' Brigade tó ti wà ní Nàìjíríà láti 1908 àti Síkáọ́tù tó dé ní 1915 ṣì ń kọ́ ọmọ ní ìgbọràn àti ìtẹ́lẹ̀-ara. A kí wọn. Ṣùgbọ́n owó ìjọ ni wọ́n ń ná, kì í ṣe owó orí yín. Bí àwọn tí kì í gba owó orí bá lè ṣe é, kí wá ni ti ẹni tó ń gbà á?

Ẹ̀yin ará abúlé, ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ará ìgboro ni èyí. Ọmọ yín tó ń kàwé ní ìlú, oko ló ń padà sí lọ́lidé. Ó dára kí ó mọ oko. Ìpínlẹ̀ yìí ló ń mú kòkó jáde jù ní Nàìjíríà, ní 2024 owó tọ́ọ̀nù kòkó kan sì kọjá $10,000 ní ọjà àgbáyé. Mélòó nínú rẹ̀ ló dé ọwọ́ yín? Ẹni tó ń rà á ló ni ìwọ̀n, òun ló ń kà á, òun ló ń sọ fún yín. Bí àwọn ọmọ abúlé bá péjọ ní ilé-ìwé abúlé lọ́sẹ̀ mẹ́rin pẹ̀lú olùkọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, wọn yóò kọ́ bí a ti ń bo kòkó kí ó tó di sísá, wọn yóò kọ́ bí a ti ń ka ìwọ̀n, wọn yóò mọ iye tí kòkó ń lọ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn lórí fóònù. Kí káńsù fi bọ́ọ̀sì kan kó wọn lọ sí Ilé-Olùjí, ibi tí wọ́n kọ́ ilé iṣẹ́ kòkó sí, kí wọ́n rí ohun tí à ń fi èso tí bàbá wọn ń gbìn ṣe. Ọmọ tó bá lè ka ìwọ̀n fún bàbá rẹ̀ ti san owó ẹ̀kọ́ náà padà lọ́jọ́ tí oníkòkó bá dé.

Wọn yóò wá ní kò sówó. Ẹ ṣírò ọ̀rọ̀ náà fúnra yín. Ilé-ìwé wà, wọ́n ti kọ́ ọ. Ilẹ̀ wà. Agùnbánirọ̀ wà. FUTA wà ní Àkúrẹ́ láti 1981. Adéyẹmí, tí ó ti di yunifásítì ẹ̀kọ́, wà ní Oǹdó, yunifásítì ìmọ̀ ìṣègùn wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Yàrá ẹ̀rọ wọn kò jìnnà ju ibi tí ọmọ lè fẹsẹ̀ rìn dé. Ondo Boys' High School ti wà láti 1919, pápá rẹ̀ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ohun tó kù ni koríko gígé, owó ọlọ́dẹ, owó díẹ̀ fún àwọn ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́, abẹ́rẹ́ àti òwú, bọ́ọ̀lù, epo bọ́ọ̀sì. Àwọn kan ń ná jù bẹ́ẹ̀ lọ láti fi káàbọ̀ àlejò kan láti Àbújá.

Nígbà ìbò, wọn yóò gbé ìrẹsì àti àǹkárá wá. Ẹ gbà á, owó yín ni. Lẹ́yìn tí ẹ bá gbà á tán, ẹ bi ẹni tó gbé e wá pé ilé-ìwé wo ni yóò ṣí ní wọ́ọ̀dù yín ní ọlidé tó ń bọ̀, ta ni yóò wà ní gééti, èló ló wà fún un nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì káńsù. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í jó, ẹ dá ìlù dúró. Ẹ bi ọmọ ẹgbẹ́ wa náà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá di kánsẹ́lọ̀ lórúkọ ẹgbẹ́ wa, tí ọlidé kan kọjá lórí rẹ̀ tí gééti kan kò ṣí, kí ẹ mú ìwé yìí lọ bá a nílé ní àárọ̀ kùtùkùtù.

Iṣẹ́ kan wà tí kò dúró de ìbò. Kí òbí mẹ́ta tàbí mẹ́rin ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan jọ rìn yí wọ́ọ̀dù wọn ká ṣáájú kí July tó parí. Kí wọ́n kọ orúkọ gbogbo ilé-ìwé tó ní pápá, kí wọ́n kọ èyí tí gééti rẹ̀ wà ní títì, èyí tí ṣọ́ọ̀bù ti gbà, èyí tí kò ní omi. Kí wọ́n kọ orúkọ àwọn ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́ tó bá ṣe tán láti gba ọmọ márùn-ún. Ẹ kọ ọ́ ní ẹ̀dà méjì: ẹ mú ọ̀kan lọ sí ọ́fíìsì káńsù kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní òǹtẹ̀ fún yín, ẹ mú èkejì wá fún akọ̀wé ẹgbẹ́ wa ní wọ́ọ̀dù yín. A óò tẹ orúkọ pápá kọ̀ọ̀kan jáde nínú ìwé yìí, wọ́ọ̀dù sí wọ́ọ̀dù, pẹ̀lú ọjọ́ tí káńsù gba ìwé yín.